Ojú-Kì-í-Tàsé Gba Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Àwòrán

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ìgbà tí ènìyàn kan lè fẹ́ràn ojú ara rẹ̀ lójúmọ́, ẹ lọ bi ayàwòrán ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ojú-Kì-í-Tàsé. Ó ní láti ọdún méjìlélógún tí òun ti ń ya fọ́tò, ojú òun kò tàsé rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò bá a jiyàn. Wọ́n ní òótọ́ ni, ojú rẹ̀ kì í tàsé dígí.

Ó ní ẹ̀wù kan tí àpò rẹ̀ pé méjìlá, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń kó irinṣẹ́ sí. Òòyà wà nínú àpò kan, dígí kékeré wà nínú èkejì, ìpara ètè wà nínú ẹ̀kẹta. Káàdì tó fi ń polówó ara rẹ̀ ló kún mẹ́sàn-án yòókù. Fọ́tò rẹ̀ wà lójú káàdì náà, ó sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tó yẹ kí nọ́ńbà fóònù wà, ẹ̀rín ló wà níbẹ̀.

Bí kíláàsì kan bá jáde, tí àwọn ọmọ náà tò sórí àtẹ̀gùn fún fọ́tò, Ojú-Kì-í-Tàsé yóò gbé kámẹ́rà lé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, yóò tẹ̀ ẹ́ pé kó dúró díẹ̀ kó tó yà, yóò sì sáré bọ́ sáàárín wọn gan-an. Ọdún méjìlélógún, kíláàsì méjìlélógún, kò sí ọ̀kan tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yóò rò pé ọkùnrin kan wà tó ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò agbẹ̀bí lọ́dọọdún.

Ojú-Kì-í-Tàsé, ọkọ kámẹ́rà, àna dígí, a-sáré-wọnú-fọ́tò-bí-ẹni-tí-òjò-ń-lé!

Lẹ́yìn àwọn àpótí irin tó wà nínú yàrá àwòrán, ibẹ̀ ni Ìyá Káàdì ń jókòó sí. Agbẹ̀bí lòun náà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n ní kó wá máa tọ́jú fọ́tò ilé-ẹ̀kọ́. Orí káàdì pálí ló ti kọ́kọ́ ń kọ orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò, ibẹ̀ lorúkọ tí wọ́n ń pè é ti wá. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀rọ kó gbogbo wọn sínú kọ̀ǹpútà. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn èyí tí òrùlé jò, tí omi wọ inú àpótí, tí fọ́tò bébà ọgọ́ta ọdún lẹ̀ mọ́ra wọn bí ewé tó rà. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà nìkan ló kù. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Káàdì kò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ṣeré mọ́.

Fọ́tò tó wà níbẹ̀ tó ọ̀kẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fọ́tò nìkan. Ìwé àtọ́ka kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tí Ìyá Káàdì fi ọdún mọ́kànlá kọ: ta nìyí, ọdún wo ni, ta ló dúró lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ orúkọ ìyá yín sí i, ìwé àtọ́ka yóò lọ tààrà sí fódà tí fọ́tò ìyá yín ń gbé, yóò sì mú un jáde. Àdírẹ́sì tí wọ́n fún un nìkan ló mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kó fọ́tò kúrò nílé láì sọ fún un, yóò dé ẹnu ọ̀nà, yóò kanlẹ̀kùn títí, yóò sì padà lọ́wọ́ òfo.

Ìyá Káàdì ní òfin kan tí kò sí ẹni tó lè bá a yẹ̀ ẹ́. Kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sábẹ́ fọ́tò àfi bí ẹlẹ́rìí méjì tí kò sí nínú fọ́tò náà bá sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n. Bí ẹlẹ́rìí kò bá pé, yóò kọ ọ́ báyìí: “Ẹnì kan. A kò tíì mọ̀ ọ́n.”

Lọ́jọ́ kan Ojú-Kì-í-Tàsé wá bá a pé kó kọ “Baba Àwòrán, Ọ̀gá Àwọn Ọ̀gá” sábẹ́ ojú òun nínú gbogbo fọ́tò kíláàsì.

“Ẹlẹ́rìí méjì dà?” ni Ìyá Káàdì wí.

Ó lọ mú ìyàwó rẹ̀ wá. Aránṣọ ni ìyàwó náà, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ìyàwó wa, ẹ mọ ọkùnrin yìí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, mà. Bàbá àwọn ọmọ mi ni.”

“Ẹ mọ̀ ọ́n sí Baba Àwòrán, Ọ̀gá Àwọn Ọ̀gá?”

Ìyàwó rò ó díẹ̀. “Rárá o, mà. Ẹni tí kì í ká aṣọ tó bá bọ́ ni mo mọ̀ ọ́n sí.”

Ẹlẹ́rìí kejì kò wá rárá. Ìyá Káàdì kọ “ayàwòrán” sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọjá síbi fọ́tò mìíràn. Ojú-Kì-í-Tàsé gbé ọ̀rọ̀ náà sínú.

Ní ti ẹ̀dà, díìsìkì dúdú mẹ́ta ni Ìyá Káàdì ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ̀kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin ní yàrá àwòrán. Èkejì ń bá a lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì, ó máa ń fi gèlè àtijọ́ wé e. Ẹ̀kẹta wà lódìkejì odò, nínú àpótí aṣọ Ìyá Àgbà, láàárín òórùn káńfọ̀. Ìyá Àgbà nìkan ló kù láyé nínú àwọn méjìlá tí wọ́n kọ́kọ́ jáde nílé-ẹ̀kọ́ náà. Bí oṣù bá ti lé, Ìyá Káàdì yóò wọ ọkọ̀ ojú omi, yóò lọ bá a pààrọ̀ díìsìkì, wọn yóò jọ tàkúrọ̀sọ títí. Ìyá Àgbà kò mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tó mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wà nínú rẹ̀, kò sì sí fọ́tò mìíràn tí ojú ọ̀rẹ́ náà gbé wà láyé.

Awakọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Màmá, ṣé fọ́tò lẹ ń gbé kiri ni àbí ọmọ tuntun?”

“Ẹ̀dà tó bá ń bá ìyá rẹ̀ sùn nílé kan náà,” ni Ìyá Káàdì máa ń dá a lóhùn, “ilé kan náà ni wọ́n jọ ń jóná sí.”

Báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ títí tí wọ́n fi kọ́ Ilé Àwòrán. Gbọ̀ngàn ńlá ni, ògiri rẹ̀ funfun nini. Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì ní orúkọ ẹni tó tọ́jú fọ́tò ni wọn yóò kọ sí òkè ẹnu ọ̀nà. Wọn kò dárúkọ ẹnì kankan. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, kí olùtọ́jú dúró níwájú èrò, kí àwọn tó ti jáde tipẹ́ máa dárúkọ ara wọn, kí ẹ̀rọ kan sì máa tan fọ́tò wọn láti inú kọ̀ǹpútà sára ògiri. Ẹni tó bá ṣe ìyẹn, òun ló ni ẹnu ọ̀nà.

Ojú-Kì-í-Tàsé kò sùn lé e. Ọ̀dọ̀ Mátírọ̀nù, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ló gbà lọ.

“Mátírọ̀nù mi, èmi ni mo ya fọ́tò. Màmá yẹn, orúkọ ló kàn ń tẹ̀. Ta ló ń fi ẹni tó kọ lẹ́tà sílẹ̀, tó ń yin ẹni tó lẹ sítáǹbù mọ́ ọn?”

Kò rántí sọ pé ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n ti ń ya fọ́tò nílé-ẹ̀kọ́ náà kí òun tó mọ apá ibi tí wọ́n ń fi ojú sí lára kámẹ́rà.

Iṣẹ́ mẹ́tàdínlógún ló wà lórí tábìlì Mátírọ̀nù láàárọ̀ ọjọ́ náà. “Ṣé ẹ̀yin nìkan lè ṣe é?”

“Igi kan kì í dá igbó ṣe,” ni Ojú-Kì-í-Tàsé wí, ó sì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, “àfi bí igi náà bá jẹ́ èmi.”

Mátírọ̀nù wo aago. “Ó dáa. Ẹ lọ gba kọ́kọ́rọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.”

Ó bá Ìyá Káàdì níbi tó ti ń nu ojú kọ̀ǹpútà.

“Màmá, ẹ lọ sinmi. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó.”

“Kò tíì rẹ̀ mí, àbúrò mi.”

“Ẹ má pè mí ní àbúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ó dáa, àbúrò mi. Gbọ́ ohun mẹ́ta kí n tó fún ọ ní kọ́kọ́rọ́. Má yí orúkọ fọ́tò padà láti ìta. Bí o bá máa yí i, inú ìwé àtọ́ka ni kó o ti yí i, kó lè mọ̀. Má pa nǹkan kan rẹ́ láìronú, torí pé bíi dígí làwọn díìsìkì yìí rí: bí o bá fá irun níwájú dígí, ẹni inú dígí náà á fá tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí o bá ṣẹ̀dà tán, ṣí ẹ̀dà náà kó o wò ó. Ẹ̀dà tí a kò ṣí wò, ìrètí lásán ni.”

“Dígí?” Ojú-Kì-í-Tàsé rẹ́rìn-ín. “Màmá, ta ló mọ dígí jù mí lọ?”

“Ìyẹn, mi ò lè bá ọ jiyàn rẹ̀.”

“Díìsìkì mélòó ló wà?”

“Mẹ́ta.”

“Méjì ni mo rí.”

“Ẹ̀kẹta wà lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà lódìkejì odò.”

Ẹ̀rín pa á débi pé ó fara ti ògiri. “Ẹ kó ohun ìní ilé-ẹ̀kọ́ sínú àpótí aṣọ arúgbó! Ẹ jẹ́ kó máa wà níbẹ̀. Eku á ti jẹ ẹ́. Méjì yìí tó mi.”

Ìyá Káàdì fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó mú àpò rẹ̀, ó lọ. Ọ̀rọ̀ tí àgbà bá sọ lẹ́ẹ̀kan, bí a kò bá gbọ́ ọ, ilẹ̀ yóò gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kìíní, Ojú-Kì-í-Tàsé ṣí fódà. Ó rí i pé nọ́ńbà ni gbogbo fọ́tò ń jẹ́: ọdún, oṣù, àti ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà.

“Kí ni eléyìí?” ni ó wí fún ara rẹ̀. “Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ni?”

Kọ̀ǹpútà lè yí orúkọ gbogbo wọn padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí a bá ti tẹ orúkọ tuntun fún un. Orúkọ wo ni ẹ rò pé ó tẹ̀? Kó tó mu ife omi kan tán, ọ̀kẹ́ méjì fọ́tò ti ń jẹ́ Ojú-Kì-í-Tàsé Kìíní, Ojú-Kì-í-Tàsé Kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tó bímọ, ọmọ tí wọ́n bí, ibùsùn tí wọ́n bí i sí, gbogbo wọn di Ojú-Kì-í-Tàsé. Ó kó wọn kúrò nínú ọgọ́ta fódà tí wọ́n ń gbé, ó dà wọ́n sínú ẹyọ kan, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pe ìyẹn náà. Kò sọ fún ìwé àtọ́ka. Ta ni ìwé àtọ́ka tí òun yóò máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, ó kó fọ́tò ti ara rẹ̀ wá láti ilé, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ojú-Kì-í-Tàsé ń ronú. Ojú-Kì-í-Tàsé ń wo ọ̀run. Ojú-Kì-í-Tàsé ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun. Ó ní ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ kò lè pé bí ojú òun kò bá pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó kó wọn dé ìdajì, kọ̀ǹpútà ní àyè ti tán.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò yàgò fún òun. Ó lọ síbi àwọn tó pẹ́ jù, fọ́tò dúdú-òun-funfun, àwọn ọmọbìnrin tó dúró gbọnrangandan lórí àtẹ̀gùn.

“Àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín,” ló wí, ó sì pa ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rún nínú wọn rẹ́. Àwọn méjìlá àkọ́kọ́ bá wọn lọ, Ìyá Àgbà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ó so díìsìkì méjèèjì mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé: “Ẹ̀dà yóò pa fọ́tò ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rún rẹ́ kó lè bá ojúlówó mu. Ṣé kí a tẹ̀síwájú?” Ojú-Kì-í-Tàsé, tí kò sọ rárá fún ara rẹ̀ rí láti kékeré, tẹ bẹ́ẹ̀ni. Ó fá irun níwájú dígí. Ẹni inú dígí fá tirẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ wọlé bá a níbi tó ti ń nu òógùn ojú.

“Ó parí!” ló wí. “Ẹ̀dà méjì gbáko!”

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá wọn. Ṣé ẹ ti ṣí i wò?”

Ó ṣí ìwé àtọ́ka fún un. Lóòótọ́, gbogbo fọ́tò tò síbẹ̀ rẹrẹ, wọ́n kéré bí èékánná. Ohun tí Ojú-Kì-í-Tàsé kò mọ̀ ni pé òjìji fọ́tò nìyẹn. Ìwé àtọ́ka a máa tọ́jú òjìji kékeré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í sì í jù ú nù bí fọ́tò fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ti kúrò nílé. Àmì ìbéèrè bíńtín kan wà ní igun gbogbo wọn. Ó rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

“Ẹ fẹ ọ̀kan lójú ká rí i dáadáa,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

“Ta ló ń yẹ aṣọ tó ti rán tán wò?”

“Èmi ni. Aránṣọ ni mí. Gbogbo ojú abẹ́rẹ́ ni mò ń yẹ̀ wò.”

“Ìdí nìyẹn tí aṣọ rẹ kì í fi í tètè parí,” ló wí, ó sì ní kó máa lọ sílé. Òun náà jáde, ó lọ bá ẹni tó ń kọ pátákó. Kó tó di ọjọ́ ìṣílé, pátákó kan ti wà nínú gbọ̀ngàn, lókè ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n sì so okùn mọ́ aṣọ náà pé kí ó máa dúró de ẹni tí yóò fà á.

Ọjọ́ pé, oòrùn mọ́, gbọ̀ngàn kún. Àwọn agbẹ̀bí tí irun wọn ti funfun jókòó níwájú, ìgbìmọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mátírọ̀nù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró yí ògiri ká. Ìyá Káàdì wà lẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Wọ́n di Ìyá Àgbà lápá mú wọlé, ó sì gbé àpò ńlá kan lé itan.

Ojú-Kì-í-Tàsé bọ́ síwájú, ó ti de bọ́tìnnì gbogbo àpò méjèèjìlá.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi! Iná lè jó ilé. Omi lè gbé afárá lọ. Olè lè kó àpótí. Ṣùgbọ́n fọ́tò tó bá wà lọ́wọ́ mi kì í sọnù! Ẹ dárúkọ, kẹ́ ẹ wò ó.”

Obìnrin sísanra kan dìde, ó ní òun ni olórí kíláàsì kejìdínlógún, ó sì dárúkọ ara rẹ̀. Ojú-Kì-í-Tàsé tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń tẹ dùùrù. Nǹkan kan bí èékánná yọ lára ògiri.

“Ẹ rí i!”

“A ò rí nǹkan kan o,” ni wọ́n wí láti ẹ̀yìn.

Ó tẹ̀ ẹ́ kó tóbi. Ògiri di eérú. Àmì ìbéèrè kan yọ láàárín rẹ̀, ó ga tó ilẹ̀kùn, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “A kò bá fọ́tò yìí níbi tó yẹ kó wà.”

“Yéè!” ni awakọ̀ wí. “Ògiri náà ń béèrè!”

“Ẹ̀rọ yìí kò tíì jí dáadáa,” ni Ojú-Kì-í-Tàsé wí. “Ẹlòmíràn.”

Ẹlòmíràn dárúkọ. Àmì ìbéèrè. Ẹnì kẹta dárúkọ. Àmì ìbéèrè. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í wá àpò tí yóò wọ̀.

“Ẹ̀dà wà!” ló kígbe. “Méjì ni mo ṣe!” Ó so díìsìkì kìíní mọ́ ọn. Àmì ìbéèrè. Ó so èkejì. Àmì ìbéèrè yìí tilẹ̀ jọ èyí tó tóbi jù.

Nígbà náà ló pa ìwé àtọ́ka tì, tó lọ ṣí fódà ńlá fúnra rẹ̀. Ògiri kún fún orúkọ láti òkè délẹ̀: Ojú-Kì-í-Tàsé, Ojú-Kì-í-Tàsé, Ojú-Kì-í-Tàsé.

Obìnrin sísanra náà kò tíì jókòó. “Ọ̀gá, nínú ìwọ̀nyí, èwo wá ni èmi?”

“Ẹ ní sùúrù, mà. Ẹ̀yin lè jẹ́ Ojú-Kì-í-Tàsé Ẹgbàá Mẹ́jọ... tàbí èyí tó tẹ̀ lé e.”

“Èmi? Ìgbà wo ni mo di Ojú-Kì-í-Tàsé? Mo lọ́kọ nílé o!”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú-Kì-í-Tàsé fi ìbẹ̀rù tẹ ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ, ó ń wo ọ̀run. Ó tẹ òmíràn. Òun ni, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó tẹ ẹ̀kẹta. Ó sùn sórí ìrọ̀rí, ó ti fi òòyà ya irun rẹ̀ dáadáa.

“Ọ̀gá,” ni awakọ̀ pè láti ẹ̀yìn, “ta ló yà yín nígbà tẹ́ ẹ sùn?”

“Èmi ni,” ni Ojú-Kì-í-Tàsé dáhùn, kó tó rántí pé kò yẹ kó dáhùn.

Àwọn kan ti ń nu omijé ẹ̀rín nígbà tí Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè.

“Ọmọ mi, má wulẹ̀ dààmú. Èmi ò wá kíláàsì ńlá. Àwa méjìlá àkọ́kọ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi dúró lápá òsì mi, ó fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn. Kò sí ibòmíràn tí mo ti lè rí ojú rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni kó o fi hàn mí.”

“Màmá...” Ojú-Kì-í-Tàsé wo bàtà rẹ̀. “Dúdú-òun-funfun làwọn yẹn.”

“Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀.”

“Wọn ò rẹ́rìn-ín, mà. Mo ní kí wọ́n yàgò díẹ̀.”

“Kí wọ́n yàgò lọ síbo?”

Mátírọ̀nù dìde. Lọ́jọ́ náà, kò wo aago. “Ẹ pa wọ́n rẹ́?”

“Kò sí àyè mọ́, Mátírọ̀nù.”

“Kí ló gba àyè?”

Gbogbo ojú kàn yí padà sí ara ògiri, níbi tí Ojú-Kì-í-Tàsé gbé sùn gbalaja.

Ìyá Àgbà kò sunkún. Ó yí ọrùn, ó ń wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. “Ìyá Káàdì dà? Ìwọ ọmọ yìí, oṣù ti lé, o ò wá pààrọ̀ nǹkan yìí. Mo retí rẹ títí. Mo ní bóyá ara rẹ ò yá ni, ni mo bá kúkú gbé e wá.”

Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa ohun dúdú kan jáde nínú áńkáṣíìfù. Òórùn káńfọ̀ gba gbogbo ìlà àga iwájú.

“Màmá,” ni Mátírọ̀nù wí fún Ìyá Káàdì, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú.”

Ìyá Káàdì rìn bọ̀, kò yára, kò sì fà. Ó fi gíláàsì sójú. “Àbúrò mi, dìde fún mi díẹ̀.”

Ó dìde.

“Mi ò ní lo kọ̀ǹpútà yìí,” ni Ìyá Káàdì wí. “Ẹ bá mi gbé ti ọ́fíìsì Mátírọ̀nù wá. Dígí yìí ti fá irun tó.”

Wọ́n gbé e wá. Ó so díìsìkì mọ́ ọn, ó tẹ orúkọ Ìyá Àgbà. Àtẹ̀gùn kan yọ lára ògiri, ọmọbìnrin méjìlá sì dúró lórí rẹ̀, fìlà agbẹ̀bí wọn le bí pálí. Ìyá Àgbà dìde fúnra rẹ̀, ó rìn títí tó fi kan ògiri, ó sì gbé ìka lé ojú ẹni tó fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn.

“Ẹ wò ó! Ta ló ní kò rẹ́rìn-ín? Búrẹ́dì mi ló jí jẹ. Ó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, òun ni kò jẹ́ kó lè la ẹnu.”

Lóòótọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin náà wú lápá kan.

Obìnrin sísanra rí ara rẹ̀. Ẹnì kejì rí ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí tiwọn tán, Mátírọ̀nù kọjú sí èrò. “Ta ló tọ́jú fọ́tò yìí?”

“Òun ni,” ni Ìyá Àgbà wí, ó nawọ́ sí Ìyá Káàdì.

“Òun náà ni,” ni obìnrin sísanra wí.

“Ẹlẹ́rìí ti pé méjì,” ni Mátírọ̀nù wí. “Òun ló ni ẹnu ọ̀nà.”

Nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ni Ojú-Kì-í-Tàsé rọra ń yọ́ lọ. Ìbá ti jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àpò méjìlá wá ayé, ó yẹ kó mọ̀ pé ọ̀kan yóò há sí nǹkan. Okùn kọ́ àpò kẹsàn-án. Ó fà á, okùn náà fa aṣọ, aṣọ bọ́ láti òkè, ó sì dà lé e lórí títí dé orúnkún. Lókè rẹ̀, pátákó ṣí gbayawu: ILÉ ÀWÒRÁN OJÚ-KÌ-Í-TÀSÉ, ojú rẹ̀ tó tóbi tó ọpọ́n ìwẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé fóònù sókè, ó yà á.

Ìyá Káàdì kì í fi fọ́tò òní di ọ̀la. Ó gba èyí náà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó fi í sára ògiri: pátákó lókè, àti nísàlẹ̀, aṣọ tó ní ẹsẹ̀ méjì.

“Ẹlẹ́rìí méjì,” ló wí. “Ta ló mọ ọkùnrin yìí?”

Awakọ̀ họ orí. “Aṣọ bò ó lójú, mà. Mi ò lè búra.”

“Èmi ni!” ni ohùn kan kígbe lábẹ́ aṣọ lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ̀yin ará, èmi ni!”

“Ẹni tó bá wà nínú fọ́tò kì í jẹ́rìí ara rẹ̀,” ni Ìyá Káàdì wí. “Ìyàwó wa ńkọ́?”

Ìyàwó dìde, téèpù lọ́rùn. Ó wo ògiri títí. “Ẹsẹ̀ yẹn jọ ti ẹnì kan tí mo mọ̀.”

“Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Ó ní Ojú-Kì-í-Tàsé ni, mà. Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lára ògiri yìí pé ọ̀kẹ́ méjì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ èwo lèyí nínú wọn.”

Ìyá Káàdì mi orí. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àtọ́ka, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn: “Ẹnì kan. A kò tíì mọ̀ ọ́n.”

Lẹ́yìn náà, ó ṣẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta.